Ọ̀fun Ni Wọ́n Ti Kọ́ṣẹ́: Ìtàn Bí Streptococcus Inú Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Di Kòkòrò Tí Kò Gbóògùn

Ìdílé kòkòrò àìfojúrí kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Streptococcus. Bí a bá fi máíkírósíkóòpù wò wọ́n, róbótó-róbótó ni wọ́n rí. Àwọn kan tò tẹ̀lé ara wọn gbọọrọ, àwọn mìíràn dúró ní méjì-méjì. Púpọ̀ nínú wọn ló ń gbé ọ̀fun, imú, ẹnu àti ìfun wa láìṣe wá ní ibi kankan. Ìyọnu dé nígbà tí wọ́n bá gba ojú ọgbẹ́, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ilé-ọmọ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ara aláìsàn á gbóná janjan, òtútù á máa gbọ̀n ọ́n, ìfúnpá rẹ̀ á já wálẹ̀. Bí a kò bá tètè rí oògùn tó kápá kòkòrò náà, ó lè kú láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Mẹ́rin nínú ìdílé yìí ló ṣe pàtàkì sí ìtàn wa. Streptococcus pyogenes ló ń fa ọ̀fun dídùn, òun náà ló sì ń fa ibà tó ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Streptococcus agalactiae ń gbé ojú ara obìnrin àti ìfun, ọmọ tuntun ló sì ń bá jà jù. Streptococcus pneumoniae, tí a ó máa pè ní kòkòrò òtútù àyà, ń fa òtútù àyà àti yírùnyírùn. Ẹ̀kẹrin ni àwọn viridans, tí wọ́n ń gbé inú ẹnu láti kékeré wa. Wọ́n lè gba ojú eyín tó bàjẹ́ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n lọ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn inú ọkàn. Ọ̀pọ̀ ìwé kì í ka àwọn viridans yìí sí, bẹ́ẹ̀ ipa tí wọ́n kó nínú ọ̀rọ̀ àìgbóògùn kò kéré rárá.

Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò wọ̀nyí ti ń pa ènìyàn, ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń kojú oògùn. Ọ̀fun àti imú ni wọ́n ti kọ́ ọ, lára àwọn tí kò ṣàìsàn rárá tàbí tí àìsàn wọn kò ju ọ̀fun dídùn lọ. Ẹni tó bá ń wo àwọn tó dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn nìkan kò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá.

Lọ́dún 1847, ní Vienna, Ignaz Semmelweis ṣàkíyèsí pé bí àwọn dókítà bá ti fi oògùn fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gbẹ̀bí, ikú àwọn ọlọ́mọ tuntun ń dín kù. Kò mọ kòkòrò tó wà nídìí rẹ̀. Ọdún 1879 ni Louis Pasteur yà á sójú pátákó níwájú àwọn àgbà oníṣègùn ní Paris, tó sọ pé òun ni apani náà. Nígbà tó fi di 1881, òun àti George Sternberg ará Amẹ́ríkà ti rí kòkòrò òtútù àyà pẹ̀lú, oníkálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A ti wá mọ orúkọ ọ̀tá, ṣùgbọ́n ó ju àádọ́ta ọdún lọ lẹ́yìn náà kí a tó rí ohun ìjà.

Jámánì ni ohun ìjà àkọ́kọ́ ti wá. Ní ìparí ọdún 1932, ní ìlú Elberfeld, Gerhard Domagk tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Bayer kó Streptococcus sára àwọn eku, ó sì fún díẹ̀ nínú wọn ní aró pupa kan tí wọ́n ń pè ní Prontosil. Àwọn tó gbà á yè. Ní àwọn ọdún yẹn kan náà, Hildegard ọmọ rẹ̀ obìnrin fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́. Ọwọ́ wú, kòkòrò ń gùn lọ sí apá, àwọn dókítà sì ń sọ pé ó lè di gígé. Domagk fún ọmọ rẹ̀ ní oògùn náà, ara rẹ̀ sì yá. Ọdún 1935 ni ó tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde. Ní 1936, Leonard Colebrook lò ó fún àwọn ọlọ́mọ tuntun tó ní ibà yìí ní Queen Charlotte's Hospital, London: nínú 38 àkọ́kọ́, 3 péré ló kú. Iye tó ń kú tẹ́lẹ̀ ju èyí lọ fíìfíì. Láti inú Prontosil ni wọ́n ti rí àwọn oògùn tí a mọ̀ sí sulfonamide.

Ìgbà náà ni àṣìlò àkọ́kọ́ wáyé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì mọ ìtàn rẹ̀ mọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn aláṣẹ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ń fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́kùnrin tó wà ní àgọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní sulfadiazine, kí ọ̀fun má baà dùn wọ́n, kí ibà lákúrègbé má baà tẹ̀lé e. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń gbé oògùn náà mì ni kò ṣàìsàn. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ yìí jọ ń sùn sí yàrá kan náà, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń húkọ́ síra wọn. Streptococcus pyogenes tí oògùn kò pa ló sì ṣẹ́kù sí ọ̀fun wọn. Kí ogun náà tó parí ní 1945, irú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀ ti ń gba àgọ́ kan dé òmíràn, sulfadiazine kò sì rí wọn mú mọ́. Oògùn tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ̀ mọ́ kò lò tó ọdún mẹ́wàá kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Pẹnisílíìnì ló gba ayé lọ́wọ́ ìjákulẹ̀ náà. Alexander Fleming ló kọ́kọ́ rí i ní St Mary's Hospital, London, ní 1928, lára olú wíwú irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tó bá bu. Ó tó ọdún méjìlá kí Howard Florey, Ernst Chain àti Norman Heatley tó sọ ọ́ di oògùn ní Oxford. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1940, wọ́n kó Streptococcus sára eku mẹ́jọ, wọ́n sì fún mẹ́rin ní pẹnisílíìnì. Heatley jókòó tì wọ́n mọ́jú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mẹ́rin tí kò gba oògùn ti kú. Mẹ́rin tó kù ń rìn kiri nínú àgò wọn.

Ní oṣù Kejì 1941, wọ́n lò ó fún ọlọ́pàá kan tí Streptococcus àti kòkòrò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus ti ba ojú àti orí rẹ̀ jẹ́, tí ọyún ti gba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ń jẹun, ibà rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò pọ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń gba ìtọ̀ rẹ̀ padà sí yàrá ìwádìí láti yọ pẹnisílíìnì tó bá a jáde. Nígbà tí kò sí mọ́, àìsàn náà padà, ó sì kú ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní New Haven ní Amẹ́ríkà, wọ́n lo pẹnisílíìnì fún obìnrin kan tí Streptococcus ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀. Ó ti tó oṣù kan tó ti wà lórí ibùsùn, sulfonamide kò ṣe é ní nǹkan kan. Láàárín ọjọ́ kan lẹ́yìn pẹnisílíìnì, ibà náà lọ. Ó pẹ́ láyé, ó di ẹni àádọ́rùn-ún ọdún kó tó kú ní 1999.

Fleming fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí ayọ̀ náà bò ó lójú. Nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ní Stockholm ní oṣù Kejìlá 1945 lórí ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n fún un, ó ṣe àpẹẹrẹ ọkùnrin kan tí ọ̀fun ń dùn, tó ra pẹnisílíìnì fúnra rẹ̀, tí kò lo iye tó lè pa Streptococcus ọ̀fun rẹ̀ tán. Kòkòrò náà kọ́ bí a ṣe ń fara da oògùn, ó ran ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà ní òtútù àyà, pẹnisílíìnì kò sì ràn án. Ó kú. Mo ka àpẹẹrẹ yìí sí ọ̀kan nínú ìkìlọ̀ tó péye jù nínú ìtàn ìṣègùn: ọ̀fun ẹni kan ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ara ẹlòmíràn ni ó parí sí.

Fún bí ogún ọdún, ó dà bí ẹni pé ìkìlọ̀ náà kò ní ṣẹ. Pẹnisílíìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo Streptococcus tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀. Ní 1967 ni D. Hansman àti M. M. Bullen kéde láti Sydney, Australia, pé àwọn rí kòkòrò òtútù àyà kan tó ń fẹ́ pẹnisílíìnì púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó kú. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn irú rẹ̀ wá láti Papua New Guinea. Àwọn oníṣègùn kà á, wọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀. Ibi jíjìnnà ni wọ́n kà á sí.

South Africa ló já wọn lójú oorun. Ní 1977, ní Durban, Peter Appelbaum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí kòkòrò òtútù àyà tí pẹnisílíìnì àti chloramphenicol kò ràn, lára àwọn ọmọdé tó ní yírùnyírùn àti àwọn tí kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, ní Johannesburg, wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta kan wò. Kòkòrò tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ ti pẹnisílíìnì, kò gbọ́ ti erythromycin, clindamycin, tetracycline tàbí chloramphenicol. Michael Jacobs, Hendrik Koornhof àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ kò dúró lórí ọmọ kan yìí. Wọ́n ti ọ̀pá onírun òwú bọ imú àti ọ̀fun àwọn ọmọ tó wà ní wọ́ọ̀dù àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn. Àwọn tó ń gbé kòkòrò tí kò gbọ́ ti ọ̀pọ̀ oògùn yìí kiri tó 128. Àwọn tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 4.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí iye méjèèjì yìí. Ká ní ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò, aláìsàn mẹ́rin ni wọn ì bá rí, wọn ì bá sì rò pé àjálù kékeré ni. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, níbi tí oògùn apakòkòrò ti ń wọlé tí ó ń jáde lójoojúmọ́, tí ibùsùn sì sún mọ́ra, ni kòkòrò náà ti ń gbilẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ kò gbóògùn kò ṣòro láti ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì á fi oògùn nu apá aláìsàn, á fa ẹ̀jẹ̀, á sì dà á sínú ìgò tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ìgò náà á wà nínú ooru ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, á ti pọ̀ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Wọ́n á mú díẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àwo pẹlẹbẹ tí a fi ẹ̀jẹ̀ àgùntàn po oúnjẹ rẹ̀. Streptococcus pyogenes á jẹ ẹ̀jẹ̀ tó yí i ká títí ojú ibẹ̀ á fi mọ́ gaara. Ti kòkòrò òtútù àyà á di àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbé bébà róbótó kéékèèké tí oògùn wà lára wọn lé orí àwo mìíràn tí kòkòrò náà ń hù sí. Níbi tí oògùn bá ti ràn án, àlàfo tó mọ́ á yí bébà náà ká. Fún kòkòrò òtútù àyà, bébà tó ní oxacillin 1 microgram ni wọ́n ń lò. Bí àlàfo náà bá tó mìlímítà 20, pẹnisílíìnì á ṣiṣẹ́. Bí kò bá tó, ó di dandan kí wọ́n wá iye pẹnisílíìnì gan-an tó lè dá a dúró. Iṣẹ́ yìí kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá, àmọ́ ó nílò iná mànàmáná tí kì í kú, ìgò tó mọ́, àti òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí, bí afọ́jú ni dókítà ń tọ́jú aláìsàn.

Báwo ni kòkòrò òtútù àyà ṣe kọ́ ọ? Staphylococcus ní kẹ́míkà tó ń já pẹnisílíìnì sí wẹ́wẹ́. Streptococcus kò ní in. Ohun tí pẹnisílíìnì ń ṣe ni pé ó ń so mọ́ àwọn purotéènì tí kòkòrò fi ń mọ ògiri ara rẹ̀, ògiri náà á sì wó. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Brian Spratt, Christopher Dowson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní England yẹ jíìnì àwọn purotéènì wọ̀nyí wò nínú kòkòrò tí kò gbóògùn. Aṣọ alábulẹ̀ ni wọ́n bá pàdé: ibì kan jẹ́ ti kòkòrò òtútù àyà fúnra rẹ̀, ibì kejì jẹ́ ti Streptococcus mitis, òmíràn ti ibòmíràn wá. Àwọn viridans inú ẹnu tí a mẹ́nu bà níṣàájú ló ni àwọn abulẹ̀ náà. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n ti fi ń ṣalábàápàdé gbogbo pẹnisílíìnì tí àwọn ènìyàn ń gbé mì, nítorí ẹnu ni ibùgbé wọn. Wọ́n yí padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá kú, DNA wọn á tú síta, kòkòrò òtútù àyà tó wà nítòsí á sì gbà á sára.

Gbígbà DNA sára yìí kì í ṣe ohun tuntun. Lára kòkòrò òtútù àyà gan-an ni Frederick Griffith ti kọ́kọ́ rí i ní London ní 1928, ọdún kan náà tí Fleming rí pẹnisílíìnì. Ní 1944, Oswald Avery, Colin MacLeod àti Maclyn McCarty fi kòkòrò yìí kan náà hàn ní New York pé DNA ni ohun tó ń gbé àbùdá kiri. Ìwádìí tó ṣí ìmọ̀ jíìnì sílẹ̀ fún gbogbo ayé ti ń sọ fún wa láti ìgbà náà bí àìgbóògùn yóò ṣe wá.

Nítorí pé abulẹ̀ lórí abulẹ̀ ni, àìgbóògùn yìí ní ìwọ̀n. Kòkòrò kan náà lè jẹ́ èyí tí pẹnisílíìnì púpọ̀ láti ojú iṣan pa nínú ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ kí ó máa pa ọmọ nínú awọ ọpọlọ, níbi tí oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ya òdiwọ̀n yírùnyírùn sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2008.

Orílẹ̀-èdè méjì fi hàn pé a lè dá irú nǹkan yìí padà sẹ́yìn. Iceland kò rí kòkòrò òtútù àyà tí pẹnisílíìnì kò ràn títí di 1988. Oríṣi kan tó ti gbilẹ̀ ní Spain ló dé ibẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń kó o ran ara wọn ní ilé ìtọ́jú ọmọ. Nígbà tó fi di 1993, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn oníṣègùn bá ará ìlú sọ̀rọ̀, lílo oògùn apakòkòrò fún ọmọdé dín kù, iye náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ní Finland, Streptococcus pyogenes ni wàhálà wọn, erythromycin sì ni oògùn tí kò gbọ́. Ní 1991, wọ́n gba àwọn oníṣègùn jákèjádò orílẹ̀-èdè náà nímọ̀ràn kí wọ́n dín in kù. Ní 1992, ìdá 16.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò gbóògùn náà. Ní 1996, ó ti di 8.6. Kò sí oògùn tuntun tí wọ́n ṣe. Wọ́n kàn yéé fi èyí tó wà nílẹ̀ tọ́jú ohun tí kò nílò rẹ̀.

Títí di òní, Streptococcus pyogenes kò tíì borí pẹnisílíìnì. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti jọ ń bá ara wọn fà á, pẹnisílíìnì ṣì ń pa á. Ti ọmọ tuntun, Streptococcus agalactiae, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ pátápátá: ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Japan kéde àwọn kan tí agbára pẹnisílíìnì ti ń dín kù lórí wọn. Ní 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi èyí tí pẹnisílíìnì kò ràn sínú àkọsílẹ̀ àwọn kòkòrò tó ń wá oògùn tuntun fún.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ní ojú kan tí a kì í sábà fiyè sí. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní fòní-kú-fọ̀la-dìde jù lọ lágbàáyé. Àrùn yìí ń ba ẹ̀yà inú tó ń sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ láti kékeré, nítorí náà kòkòrò òtútù àyà lè pa ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní 1986, Marilyn Gaston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí 215 irú ọmọ yìí. Wọ́n ń fún apá kan ní pẹnisílíìnì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wọ́n sì ń fún apá kejì ní èyí tí oògùn kò sí nínú rẹ̀. Kòkòrò yìí mú 13 nínú àwọn tí kò gba oògùn, àmọ́ 2 péré nínú àwọn tó gbà á, débi pé wọ́n dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò kí gbogbo wọn lè gba oògùn. Èrè ìwádìí náà ni àwọn ọmọ wa ń jẹ títí di òní. Ẹ̀mí wọn sinmi lórí kí pẹnisílíìnì ṣì máa pa kòkòrò tó wà ní ọ̀fun àwọn tó yí wọn ká. Kápúsù ampicillin méjì tí ẹnì kan rà ní kẹ́mísì nítorí ọ̀fìnkìn, èyí tí oògùn apakòkòrò kò ràn rárá, kò ṣàì kan ọmọ yẹn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wá gba ibi ọ̀fun wọlé. Èyí tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọdé ní 2000 ń dènà oríṣi méje nínú kòkòrò òtútù àyà, àwọn oríṣi náà sì ni àìgbóògùn pọ̀ sí jù. Kì í ṣe pé ó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ nìkan. Kì í jẹ́ kí kòkòrò náà ráyè jókòó sí imú ọmọ. Láàárín 1999 sí 2004, àìsàn líle láti ọwọ́ àwọn tí pẹnisílíìnì kò ràn fi ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ níbẹ̀, ti àwọn àgbàlagbà tí kò gba abẹ́rẹ́ náà sì dín kù pẹ̀lú. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ìparí ọdún 2014, ìpínlẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Ó yẹ kó tètè dé ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìṣirò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022 fi hàn pé 1.27 mílíọ̀nù ènìyàn ni àìgbóògùn kòkòrò pa ní 2019, apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ikú náà ti pọ̀ jù bí a bá fi iye ènìyàn wọ̀n ọ́n, kòkòrò òtútù àyà sì wà lára mẹ́fà tó pa ènìyàn jù.

Kòkòrò náà kò jókòó. Bí abẹ́rẹ́ ọdún 2000 ṣe lé oríṣi méje náà kúrò, oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní 19A, tó le sí oògùn, gba àyè wọn, ó sì di 2010 kí abẹ́rẹ́ mìíràn tó ká 19A mọ́ tó jáde. Lẹ́yìn èyí ni 35B, tí pẹnisílíìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i ní Amẹ́ríkà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2024 fún àwọn àgbàlagbà ń dènà oríṣi mọ́kànlélógún, 35B sì wà nínú wọn.